Ìṣúnná Tó Di Ìnákúnàá: Àkọsílẹ̀ Fírísà Kan ní Ìbàdàn

Òórùn ló jí wa. Sátidé kan ni, ní Oṣù Kejì ọdún 2024, nínú ilé wa ní Mọ́níyà, n'Ìbàdàn. Ọkọ mi ní eku ló kú sókè àjà. Ó gbé àkàbà, ó ti orí bọ inú àjà, ó tan tọ́ọ̀ṣì yíká, kò rí nǹkan kan. Màmá, ìyá rẹ̀ tí wọ́n ti Ìsẹ́yìn wá kí wa, ò tilẹ̀ dìde lórí àga. Wọ́n ní, "Sọ̀ kalẹ̀ jàre. Inú àpótí funfun yẹn ló wà."

Fírísà ni wọ́n ń pè ní àpótí funfun.

Mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ nítorí pé iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe jẹun. Ọdún 14 ni mo ti fi ń tọ́jú ìwé owó fún ìjọba, n ò sì tọ́jú ti ilé mi rí. Àwọn tí mo sì ti sọ ọ́ fún máa ń rẹ́rìn-ín, wọ́n á wá rẹ ohùn sílẹ̀ pé irú rẹ̀ wà nílé àwọn náà.

Tiransifọ́mà àdúgbò ti jó láti ọjọ́ 11 sẹ́yìn. Lálẹ́ ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, a tan jẹnẹrétọ̀ fún wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹta, ọkọ mi wo inú kéègì epo, ó wo ojú mi, ó sì lọ sùn. Láti ọjọ́ 29 Oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde lọ́jọ́ ìbúra rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, epo bẹntiróòlù tí lítà kan rẹ̀ kò tó 200 náírà di nǹkan bí 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan, kò sì padà sílẹ̀ mọ́. A pa jẹnẹrétọ̀. A ní iná á dé lọ́la. A tún fi òfin de àwọn ọmọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí fírísà, kí yìnyín inú rẹ̀ má bàa tètè yọ́. Òfin náà múlẹ̀ débi pé àwa àgbà pàápàá kò ṣí i wò títí òórùn fi ṣí i fún wa.

Mo gbé ọ̀rá dúdú ńlá mẹ́ta jáde, èrò mi ni pé kí n tètè da gbogbo rẹ̀ sínú wọn kí ará ilé kejì tó jí. Màmá dá mi dúró. "Ìyàwó, tẹ́ tàpólì sílẹ̀. A ó kà á." Mo ní òórùn ọ̀hún ti pọ̀ jù, mà. Wọ́n ní, "Òórùn owó ni. Kà á."

A kà á. Ẹja tútù kílò 4. Ẹran màlúù kílò 5, tí ó ti dì pọ̀ di òkúta kan ṣoṣo kó tó wá yọ́. Tìmátì àti ata lílọ̀, abọ́ 6. Ọbẹ̀ oríṣiríṣi, abọ́ 9. Gbogbo abọ́ 15 yẹn, abọ́ áísìkirimù ni, kò sì sí ẹyọ kan tí a kọ nǹkan sí lára. Nínú àwọn ọbẹ̀ náà, mẹ́ta ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé mo mọ ìgbà tí mo sè wọ́n. Ọ̀kan jẹ́ ẹran Iléyá. Oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni Iléyá yẹn, oṣù kẹjọ rèé. Ọmọ mi obìnrin, tó jẹ́ ọmọ ọdún 13, di imú mú pẹ̀lú ọwọ́ kan, ó ń fi ọwọ́ kejì kọ ọ́ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà bí mo ṣe ń pè é: ẹja 12,800 náírà, ẹran 20,000, ata 15,000, ọbẹ̀ tí mo fojú díwọ̀n èròjà rẹ̀ 13,600. Àpapọ̀ 61,400 náírà. Owó oúnjẹ wa fún oṣù kan nígbà náà jẹ́ 110,000, fún ẹni mẹ́fà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rò pé jayéjayé ni wá. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Èmi ni mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Sàpọ́n. A kì í jẹun níta. Àwọn bàtà ilé ìwé ń ti ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n bọ́ sẹ́sẹ̀ àbúrò. Gbogbo ohun tó wà lórí tàpólì yẹn, ìṣúnná ló kó o jọ. Lọ́sẹ̀ méjì-méjì ni mò ń lọ sí Ṣáṣá lọ ra tìmátì ní apẹ̀rẹ̀, nítorí pé ó wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ tí a bá ń rà á ní wẹ́wẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí owó ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í fò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ̀rù ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló ń rà á fún mi. Tí mo bá rí ẹran tí 500 náírà bá ti dín nínú owó kílò rẹ̀, kílò mẹ́ta ni n ó rà dípò kílò kan, n ó sì máa yọ̀ relé pé mo ti fi 1,500 pa mọ́. Fírísà ló ń gba gbogbo ìdùnnú yẹn wọlé.

Mo wá jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò ìwé owó. Iná tí kò sí ni ẹni gbogbo kọ́kọ́ dá lẹ́bi, kò sì jẹ̀bi tán. Ká ní iná wà, ẹran Iléyá yẹn ì bá ṣì wà níbẹ̀ títí Iléyá mìíràn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọbẹ̀ tuntun là ń sè ṣáá, èyí tó bá ṣẹ́ kù là ń bù sínú abọ́, abọ́ náà á wọ ìsàlẹ̀, ti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e á gùn ún lórí. Ẹni tó bá fẹ́ jẹun kì í wa fírísà dé ìsàlẹ̀. Ẹran tí mo sì dì pọ̀ lódidi, tí mo bá fẹ́ sè díẹ̀ níbẹ̀, àfi kí gbogbo rẹ̀ yọ́, kí n gé e, kí n tún dá ìyókù padà. Yìnyín kì í pa kòkòrò àrùn inú ẹran, ṣe ló ń mú kí wọ́n sùn. Gbogbo ìgbà tí ẹran bá yọ́ ni wọ́n ń jí. Tí a kò bá tètè sè é, tí a tún dá a padà, ṣe là ń tọ́jú wọn pẹ̀lú ẹran.

Ibi tí a ó dà á sí di wàhálà. Àwọn tó ń kó ilẹ̀ ládùúgbò kò tíì yọjú láti ọ̀sẹ̀ méjì. Aládùúgbò kan tó gbóòórùn náà gbà wá nímọ̀ràn pé odò kò jìnnà. Màmá kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìbàdàn ni wọ́n ń gbé ní ọjọ́ 31 Oṣù Kẹjọ ọdún 1980 tí odò Ògùnpa kún, tó gbé ilé àti ènìyàn lọ. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 26 Oṣù Kẹjọ ọdún 2011, tó pa ènìyàn tó lé ní 100 nílùú yìí. Nígbà méjèèjì, pàǹtí tí a dà sójú odò wà lára ohun tó dí ọ̀nà mọ́ omi. Ọkọ mi mú ṣọ́bìrì, ó gbẹ́ kòtò sẹ́yìn ilé, a sin 61,400 náírà.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo ṣí ìwé kan. Ìwé owó máa ń ní apá tó wọlé àti apá tó jáde. Ohun tó ń jáde nílé wa láìgba owó wá ni mo fẹ́ mọ̀. Mo fi òkùn so bírò mọ́ ìwé náà lára fèrèsé ilé ìdáná, mo ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ da nǹkan nù gbọ́dọ̀ kọ ọ́ kí ó tó dà á. Màmá rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní òun ò rí i rí kí wọ́n máa kọ ìtàn ààtàn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin la fi kọ ọ́ ká tó yí nǹkan kan padà. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu: èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìrẹsì tó jó mọ́ ìdí ìkòkò, ìdí búrẹ́dì tí àwọn ọmọ kì í fẹ́ jẹ, ọ̀rá, ọ̀rá, ọ̀rá. Àpò omi ọlọ́ràá márùn-ún là ń mu lọ́sẹ̀ kan, ìyẹn 100 ọ̀rá. Ohun tí a kò retí ni fúláàsì oúnjẹ ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 9. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ìgbà 13 ni oúnjẹ rẹ̀ padà wálé ní ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun náà ló ń kọ ọ́ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú òótọ́ inú: "Ìrẹsì, ó kù." "Ẹ̀wà, ó kù." "Ìrẹsì."

Ní ayé Màmá, oúnjẹ tó kù kì í ṣe ìdọ̀tí. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Àgbà gbọ́dọ̀ ṣẹ́ díẹ̀ kù fún ọmọ tí yóò fọ abọ́, kò sì sí ẹni tó ń pe ìyẹn ní ìfiṣòfò. Nílé tiwa, ọmọ ló ń ṣẹ́ kù fún àgbà, oúnjẹ náà á sì ti wà nínú ike tó gbóná láti aago mẹ́fà àárọ̀ dé aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó ti kan. Mo kọ́kọ́ fẹ́ bá a wí. Bàbá rẹ̀ ló bi í ní ìbéèrè tó yẹ: ìṣẹ́jú mélòó ni wọ́n ń fún yín jẹun? Ìṣẹ́jú 15 ni, nínú èyí tí wọ́n á fi tò fọwọ́, tí wọ́n á sì sá lọ gbá bọ́ọ̀lù. Ẹni tó ń jẹ ohun tí a ń fọwọ́ mú á ti jẹun tán kí ọmọ mi tó ṣí fúláàsì. A yí i sí àkàrà àti búrẹ́dì, tàbí iṣu díndín pẹ̀lú ẹyin. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó tẹ̀ lé e, ìgbà kan ṣoṣo ló gbé oúnjẹ padà wálé, ọjọ́ yẹn sì ni ibà mú un.

N ò ní parọ́, n kò kẹ́kọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn fírísà, ẹ̀rù ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ṣì wà lára mi, ó kàn ṣí lọ sórí ohun gbígbẹ ni. Mo ra ẹ̀wà kóńgò 20 ní Bódìjà, mo dà á sínú kéègì olómi lítà 50 kan, kò kún dé ẹnu, ojoojúmọ́ là ń ṣí i. Ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìyẹ̀fun ti wà nísàlẹ̀, kòkòrò ń rìn lórí. Kòkòrò ẹ̀wà kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé nílé, inú oko ló ti ń yé ẹyin sára èso, ẹyin náà kéré débi pé ẹ̀wà tó mọ́ lójú á ti gbé e dání. Oníṣòwò kan ní kí n fọ́n oògùn díẹ̀ sí i. Mo kọ̀. Oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń pè ní dichlorvos, tí NAFDAC fòfin de ìgò rẹ̀ kékeré lọ́dún 2019, ni àwọn kan ń fọ́n sí ẹ̀wà, majele ni, síse kò sì sọ ọ́ di oúnjẹ. A sá ẹ̀wà náà sóòrùn, a fẹ́ ẹ, a rí nǹkan bí kóńgò mẹ́rìnlá gbà nínú rẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ rọrùn, ó sì dùn mí pé n kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Kéègì òróró lítà 5 ni mo kó jọ, mo fọ̀ wọ́n mọ́, mo jẹ́ kí wọ́n gbẹ dáadáa, mo sì rọ ẹ̀wà kún wọn dé ọrùn, mo ń mì wọ́n kí àyè kankan má ṣẹ́ kù, mo wá de ìdérí pinpin. Kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀ yóò mí ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó bá níbẹ̀ tán, yóò sì kú. Ọ̀kan là ń ṣí, àwọn yòókù ń dúró. Kéègì ńlá tí kò kún, tí a ń ṣí lójoojúmọ́, ọjà afẹ́fẹ́ ni fún wọn.

Ọ̀nà tí Màmá ń gbà se ẹ̀wà ni mo gbà lọ́wọ́ wọn láìjà. Wọ́n á rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, wọ́n á sè é kó hó yaya fún bí ìṣẹ́jú 20, wọ́n á wá gbé ìkòkò náà pẹ̀lú ìdérí sínú kúlà ńlá tí a fi ń kó oúnjẹ òde, wọ́n á fi wúrápà àtijọ́ méjì dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, ẹ̀wà ti rọ̀. Sílíńdà gáàsì kílò 12.5 tó ń lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún wá ń lo ọ̀sẹ̀ méje. Orí ẹ̀wà nìkan kọ́, a tún dẹ́kun gbígbé omi ìwẹ̀ kaná lójoojúmọ́, ọkọ mi ṣì ń ráhùn nípa ìyẹn.

Ti èèpo, ewúrẹ́ Ìyá Aláṣọ tó wà lẹ́yìn ilé ń jẹ ẹ́, àwọn náà ń fún wa ní ìgbẹ́ ewúrẹ́ fún ebè tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ. Mo gbìyànjú láti ṣe kòtò ààtàn tèmi, mo da ìrẹsì sísè mọ́ ewé, èkúté sì kó ìdílé wọn wá. A pa á tì. Omi ọlọ́ràá ni mo fi sílẹ̀ bó ṣe wà: kànga wa sún mọ́ ṣaláńgà ju bó ṣe yẹ lọ, mo sì ṣírò pé gáàsì tí n ó fi se omi fún ẹni mẹ́fà yóò gba ohun tí kúlà gbà padà. A kàn ń gbin irúgbìn ata sínú díẹ̀ lára ọ̀rá rẹ̀, a sì ń kó ìyókù pamọ́ fún àwọn tó ń ra ọ̀rá ní kílò.

Ẹran àti ẹja, kílò kan là ń rà lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. A ń bọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tó wọlé, a ń dín in, ọbẹ̀ sì ń gorí iná láàárọ̀ àti lálẹ́. Tìmátì ló kù. Tí mo bá rà á ní wẹ́wẹ́, ó wọ́n. Tí mo bá ra apẹ̀rẹ̀, a ó tún padà síbi tàpólì. Obìnrin mẹ́ta la wá jọ ń dá owó apẹ̀rẹ̀ kan: èmi, Ìyá Aláṣọ, àti aládùúgbò tó ní ká da nǹkan sódò. Ẹnì kan ló ń lọ sí Ṣáṣá, àwọn méjì tó kù ń san ìdá tiwọn nínú owó ọkọ̀. Bí apẹ̀rẹ̀ bá ti dé, a ó dà á sórí tàpólì kan náà, a ó kọ́kọ́ ṣa èyí tó ti rọ̀, ká pín ìyẹn ná, nítorí òun ni a gbọ́dọ̀ sè lónìí. Èyí tó le la ń pín sẹ́yìn. Ọmọ mi obìnrin sọ ọ́ ní àjọ tìmátì. Ìjà wà níbẹ̀ o. Ìyá Aláṣọ gbà pé ọwọ́ mi ń tètè dé orí èyí tó pupa jù, wọn ò sì parọ́ mọ́ mi.

Lórí fírísà fúnra rẹ̀, ọkọ mi kò fẹ́ tà á. Ó ní ilé tí kò ní fírísà dà bí ilé tí ọwọ́ ìṣẹ́ ti tẹ. A bá a fa ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Níkẹyìn Màmá fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ inú rẹ̀, wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà kí ó gbẹ kí òórùn sì lọ, wọ́n yọ wáyà rẹ̀, wọ́n to kéègì ẹ̀wà, ìrẹsì àti ike gàrí sínú rẹ̀. Eku kò lè rí i wọ̀, ìdérí rẹ̀ ń pa dé. Nígbà tí iná padà wá, ọkọ mi gbé wáyà náà lọ́wọ́, ó dúró, ó wo inú rẹ̀, ó tún fi wáyà sílẹ̀.

Ní ìparí Oṣù Kẹfà, mo pa ìwé dé. Owó oúnjẹ wa kò dín kù, ó di 128,000. Ní oṣù yẹn, NBS, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, ní owó oúnjẹ ti fi 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí ti oṣù kan náà lọ́dún tó kọjá. Fún mi, láti oṣù kejì dé oṣù kẹfà, 18,000 ló lé. Ọ̀rá ìdọ̀tí tó ń jáde lọ́sẹ̀ kan dín láti mẹ́ta sí ọ̀kan, èyí tó wà nínú rẹ̀ kò sì wúwo. Tí mo bá kọ owó ọkọ̀ tó pọ̀ sí i mọ́ ọn, 2,400 ló ń gbà lọ́wọ́ mi lóṣù. Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀, torí ìwé tí kò bá kọ ohun tó sọnù kì í ṣe ìwé.

Màmá padà sí Ìsẹ́yìn ní ọ̀sẹ̀ kìíní Oṣù Keje. A di ẹrù fún wọn: ọṣẹ, ìpara, gàrí díẹ̀. Nígbà tí mo máa wo ilẹ̀ ilé ìdáná, wọ́n ti kó abọ́ áísìkirimù mẹ́rìnlá jọ, wọ́n ti so wọ́n pọ̀ mọ́ra wọn. Wọ́n ní àwọn ọlọ́jà òkèlé ní Ìsẹ́yìn máa rà wọ́n lọ́wọ́ àwọn, pé kò sí ohun tí èmi fẹ́ fi wọ́n ṣe mọ́. Wọ́n fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún mi. Iyọ̀ la bù sínú rẹ̀.